Ìgbì Ọlá Tí Kò Ní Ọ̀nà Àbájáde

Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ bí ọkùnrin kan ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú rẹ̀, tó sì ń juwọ́ sí èrò títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Gbọ́láhàn Olówòkéré lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayé ń yẹ ẹ́, bí o bá pè é bẹ́ẹ̀, kò ní dá ọ lóhùn. O ní láti kọ́kọ́ pe Alága, kí o fi Ọlọ́lá lé e, kí o wá fi Apàṣẹ-fún-Ìgbì dé e lórí bíi fìlà. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe kò lè kí i tán láìsinmi.

Alága kí ni? Ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀, kì í sì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Àjọ pínníṣín kan ni wọ́n fi í ṣe olórí rẹ̀ ní Igbókòdá, Àjọ Ìtanilólobó Etí Òkun, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà nítòsí èbúté tí àwọn ọkọ̀ ti ń gbé èrò. Iṣẹ́ àjọ náà kò ju báyìí lọ: bí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ bá rí i pé òkun fẹ́ ru, wọ́n á fi tó àjọ létí, àjọ á sì fi ímeèlì ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ará Ìlàjẹ pé: "Òkun yóò ru lọ́la. Ẹ má jáde lọ pẹja. Ẹ kó ẹrù yín kúrò létí omi." Ó parí. Táyé, akọ̀wé àjọ, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ló ń kọ ọ́, òun náà ló ń fi í ránṣẹ́. Láti Araromi dé Oríòkè-Ìwàmímọ́ dé àwọn abúlé Etikan, tayọ̀tayọ̀ làwọn èèyàn fi gbà kí àjọ máa kọ̀wé sí àwọn. Ẹni tí òkun ti gba ilé bàbá rẹ̀ kò ní sọ pé kí wọ́n má ta òun lólobó.

Ọ̀sẹ̀ tí Olówòkéré gorí àga ni ó ké sí Táyé, ó mú ìkìlọ̀ kan lọ́wọ́ bí ẹni mú ẹja tó ti jẹrà.

"Táyé, mo ti ka ìwé yìí láti òkè délẹ̀. Mo rí òkun. Mo rí ìgbì. Mo rí ọkọ̀. Èmi dà?"

"Ìkìlọ̀ ni, sà," ni Táyé wí.

"Ta ló ń kìlọ̀?"

"Àjọ ni, sà."

"Àjọ ní ẹnu ni?"

Táyé kò tíì dáhùn tí Godwin fi wọlé. Godwin ni olùrànlọ́wọ́ pàtàkì fún Alága, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí ọ̀rọ̀ Alága má ṣe bọ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó máa gbé e. Bí Alága bá sín, Godwin á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Bí Alága bá yán, Godwin á ní ìlú ti ń sinmi.

"Ọlọ́lá jùlọ," ni Godwin wí, "ìkìlọ̀ tí kò ní àwòrán yín lára, báwo ni òkun ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìjọba ló ń bá òun wí?"

Inú Alága dùn débi pé ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ọjọ́ náà ni wọ́n bí ìwé ìròyìn tuntun, tí Godwin sọ ní Ìgbì Ọlá.

Ẹ̀yin ará, bẹ́ẹ̀ ni Ìgbì Ọlá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ fóònù àwọn èèyàn. Láàárọ̀, "Alága Ti Jí." Lọ́sàn-án, "Alága Jẹ Púpurú, Ó sì Gbádùn Rẹ̀," pẹ̀lú àwòrán abọ́ ṣáájú oúnjẹ àti àwòrán abọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Nírọ̀lẹ́, "Ohun Tí Alága Rò Nígbà Tó Ń Sinmi." Ọjọ́ kan ni wọ́n gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n pè ní "Alága Kojú Agbami." Nínú àwòrán náà, ó dúró ṣánṣán níwájú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì, ó na ìka sí ọ̀ọ́kán bí ẹni tí yóò là á já dé òdìkejì ayé. Ẹ̀yin tí ojú yín mú ìbá ti rí okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ náà mọ́ òpó èbúté, àti obìnrin tó ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ òkun ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi sí, lẹ́yìn ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rán agbádá Alága.

Kí n má parọ́ mọ́ ọkùnrin náà, ó ní ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nígbà kan rí, ó díje fún ipò káńsẹ́lọ̀. Ní ibùdó ìdìbò tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ gan-an, àwọn tó dìbò fún un kò tó ẹni tó lè gbé pósí. Ọgbẹ́ náà kò jinná. Nítorí náà, nígbà tó débi iṣẹ́ yìí tó gbọ́ pé ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń gba ìwé àjọ, ọkàn rẹ̀ wálẹ̀ bí omi tó dé inú ìkòkò. Láràárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á bi Táyé léèrè pé, "Mélòó ni wá?" Táyé á sọ iye fún un. Iye náà kì í dín, nítorí kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà jáde. Alága á mí kanlẹ̀, á ní, "Wọ́n fẹ́ràn wa."

Ní abúlé kan ní Etikan, obìnrin kan wà tó ń yan ẹja tà, Sàrátù lorúkọ rẹ̀, ìyá Fàtáì. Inú ọkọ̀ ńlá tó ń la òkun kiri ni Fàtáì ti ń ṣiṣẹ́. Níbi tí ọkọ̀ náà máa ń wà, ìpè fóònù kì í wọlé. Ímeèlì nìkan ni ọmọ náà fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó máa ń kọ gbólóhùn díẹ̀: "Màmá, ara mi le. A ti kúrò níbi òtútù." Gbólóhùn díẹ̀ yẹn ni Sàrátù fi ń sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alága bẹ̀rẹ̀ sí í jí, tó ń jẹun, tó ń sinmi nínú fóònù rẹ̀, àwòrán kún ibẹ̀ bámúbámú. Ó di ọjọ́ kan, fóònù ní òun kò gba ìwé kankan mọ́. Bó bá pa díẹ̀ rẹ́, Alága á tún ti kún ibẹ̀ kí ìwé Fàtáì tó ráyè wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, kò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ Fàtáì. Ẹja ń jóná lórí ààrò rẹ̀, kò mọ̀.

Ó ní kí ọmọ àbúrò rẹ̀ bá òun kọ ọ́ sí Ìgbì Ọlá pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mí kúrò nínú èyí. Ìkìlọ̀ òkun nìkan ni mo fẹ́."

Èsì dé kíákíá. "A kí yín kú oríire! Nítorí pé ẹ kọ̀wé sí Alága, a ti gbé yín ga sí ipò Ọmọlẹ́yìn Oníwúrà. Láti òní lọ, ẹ ó máa rí fídíò gbà pẹ̀lú."

Sàrátù wọ ọkọ̀, ó di Igbókòdá.

Nígbà tí wọ́n sọ fún Alága pé obìnrin kan ti Etikan wá rí òun nítorí Ìgbì Ọlá, ó rò pé ó wá dúpẹ́ ni. Ó tún fìlà dé. Godwin gbé fóònù sókè láti ya àwòrán. Táyé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Ìyá, ẹ káàbọ̀," ni Alága wí. "Ẹ má kúnlẹ̀. Tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀, nítorí àwòrán."

Sàrátù kò kúnlẹ̀. "Alága, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé yín."

Fóònù Godwin rọra wálẹ̀. Alága rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, bí oòrùn bá yọ, ṣé ẹnìkan máa ń kọ̀wé sí i pé kó yọ òun kúrò lára àwọn tó ń ràn lé lórí?"

"Bí oòrùn bá pọ̀ jù, Alága, mo máa ń wá abẹ́ ibòòji."

"Ṣé àwọn ọ̀tá mi ló rán yín?"

"Ọmọ mi wà lójú agbami. Ìwé rẹ̀ kò rí àyè wọlé sọ́dọ̀ mi mọ́ nítorí oúnjẹ ọ̀sán yín. Ìkìlọ̀ òkun ni mo ní kí ẹ máa fún mi. N kò ní kí ẹ máa sọ fún mi bí ẹ ṣe jí."

Táyé gbé ojú sókè. "Sà, ẹ jẹ́ ká fi ìlà kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀ ìwé: 'Bí o bá fẹ́ kúrò, tẹ ibí.' Gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ká sì ya ìkìlọ̀ òkun sọ́tọ̀, kí ẹni tó fi Ìgbì Ọlá sílẹ̀ ṣì máa rí i gbà."

"Táyé!" Alága dìde. "Ilé tí mo ń kọ́, ìwọ ń dá ihò sí i lára?"

"Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń pè é, sà."

"Bí a bá ṣílẹ̀kùn, wọ́n á jáde!"

Ẹ ò rí i bí òtítọ́ ṣe ń jábọ́ lẹ́nu òmùgọ̀? Godwin nìkan ló pàtẹ́wọ́, nítorí ó ti mọ́ ọn lára.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Alága gbádùn. Ọjọ́ kejì, ó ṣe òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kúrò nínú Ìgbì Ọlá, kó wá sí Igbókòdá fúnra rẹ̀. Kó mú onídùúró méjì dání, tí ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ṣì fẹ́ràn Ìgbì Ọlá dọ́kàn. Kó mú fọ́tò ara rẹ̀ tó fajú ro wá. Lẹ́yìn náà, kó lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ìparọwà, tí Godwin jẹ́ alága rẹ̀, kí wọ́n fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀ bóyá yóò yí ọkàn padà. Ìgbìmọ̀ náà kò jókòó rí. Ibikíbi tí Alága bá ń lọ, Godwin gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ láti pàtẹ́wọ́.

Àwọn èèyàn wá o. Wọ́n wá láti Oríòkè, wọ́n wá láti Araromi, wọ́n tò síta ọ́fíìsì nínú oòrùn. Alága yọjú lójú fèrèsé, ó rí èrò, ó juwọ́ sí wọn. Lọ́jọ́ kejì Ìgbì Ọlá gbé e jáde: "Èrò Ya Bo Alága Nítorí Ìfẹ́."

Ariwo pọ̀ débi pé Alága ní ó dáa, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n á máa tẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbé iṣẹ́ náà fún Táyé, Godwin ló gbé e fún. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, àwòrán Alága á yọ, omi á máa dà lójú rẹ̀. Á bi ọ́ pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á ní, "Kí ni mo ṣe fún ọ?" Bí o bá tún tẹ̀ ẹ́, á ní, "Rántí pé ọ̀la ń bọ̀." Lẹ́yìn èyí, á kọrin. Tí orin bá tán, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé, "A dúpẹ́ tí o pinnu láti dúró," wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìwé á máa dé ọ̀dọ̀ rẹ ní méjì-méjì.

"Mélòó ni wá?" ni Alága bi Táyé.

Táyé sọ ọ́. Iye ti fò sókè.

"Ẹ ò rí nǹkan! Mo ní kí wọ́n máa lọ, ṣe ni wọ́n ń bí sí i!" Ó ní kí wọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo òṣìṣẹ́.

Beauty ló tú okùn tí Ìgbì Ọlá fi so wọ́n. Onídìrí ni, ní Araromi, ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí òkun ti jẹ títì dé. Sàrátù kó ẹja wá fún oníbàárà rẹ̀ kan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó jókòó de ọkọ̀ ìpadà, fóònù rẹ̀ sì ń dún lọ́tùn-ún lósì.

"Ìyá Fàtáì, kí ló ń dún báyìí?" ni Beauty bi í, irun oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Alága ni. Ó ti jí lẹ́ẹ̀mejì lónìí."

Beauty rẹ́rìn-ín títí ó fi tú ìdì kan lórí oníbàárà rẹ̀. "Ẹ gbé e wá. Ẹ rí àmì kékeré yìí? Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ti sọ fún fóònù pé ìdọ̀tí ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ìdọ̀tí ni á máa kó wọn lọ. Ẹ ò ní rí i mọ́."

Sàrátù na ìka, ó tún fà á sẹ́yìn. "Ìkìlọ̀ òkun ńkọ́?"

"Ìgbà wo lẹ rí ìkìlọ̀ kà níbẹ̀ kẹ́yìn?"

Sàrátù rò ó. Kò rántí. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì pa gbogbo àwọn èyí tó ti kó jọ rẹ́, pẹ̀lú abọ́ púpurú, pẹ̀lú agbádá, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń kojú agbami lórí ìso. Kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dé Etikan, fóònù dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò dáhùn? Ara mi le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé." Sàrátù bú sẹ́kún láàárín èrò ọkọ̀. Àwọn obìnrin tó jókòó tì í bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ó sọ fún wọn. Wọ́n yọ fóònù tiwọn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ ọkọ̀ nìyẹn, tó sì ń bá ọkọ̀ lọ sí gbogbo èbúté. Ọkọ̀ kan ń gbé e lọ, òmíràn ń gbé e bọ̀. Àwọn apẹja tẹ̀ ẹ́, àwọn tíṣà tẹ̀ ẹ́, olórin ìjọ tẹ̀ ẹ́, Lèmọ́mù tẹ̀ ẹ́ kó tó pe ìrun. Nígbà tó pọ̀ gan-an, ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn gbé ímeèlì kiri náà rí i pé ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní ìdọ̀tí, ìdọ̀tí ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ohun tó bá ti ọ́fíìsì Alága jáde dànù, kódà lórí fóònù ẹni tí kò tẹ nǹkan kan.

Táyé rí i lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó lọ bá Alága.

"Sà, kò sẹ́ni tó ń ka ìwé wa mọ́."

"Mélòó ni wá?"

"Iye wa kò yí padà, sà. Wọn ò kúrò. Ṣùgbọ́n wọn ò sí níbẹ̀."

"Bí wọn ò bá kúrò, wọ́n wà níbẹ̀. Táyé, o kò mọ ìṣirò."

Ayẹyẹ ọdún kan tí Alága dé orí àga ń bọ̀. Ó ní etíkun Araromi ni òun yóò ti ṣe é, kí òkun fojú ara rẹ̀ rí òun. Ó fi ímeèlì pe gbogbo ará Ìlàjẹ. Ó pe kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká láti Àkúrẹ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. "Ìtẹríba ni," ni Godwin wí. "Ẹnu ń wúwo fún wọn níwájú yín." Wọ́n kó àtíbàbà, àga, àti àwòrán Alága kan tó ga ju èèyàn lọ sọdá sí Araromi.

Ìkìlọ̀ wọlé látọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ nígbà tí ayẹyẹ ku ọ̀la: òkun yóò ru, yóò sì ya wọ etíkun. Táyé sáré gbé e lọ bá Alága, tó ń dán agbádá wò.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n fi èyí nìkan ránṣẹ́, kí n má fi nǹkan míì kún un."

"Fi sí abẹ́ ewì ayẹyẹ."

"Sà, inú ìdọ̀tí ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan. Òkun ń bọ̀ o!"

Alága yí ojú sí dígí. "Ṣé mo pe òkun ni? Mo ti wo àwọn tí mo pè. Òkun kò sí lára wọn."

Táyé padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ìkìlọ̀ náà sí abẹ́ ewì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ní kó ṣe, ó sì fi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé inú kànga ni òun ń ju òkò sí. Lẹ́yìn náà, ó gbé fóònù ara rẹ̀. Àárín àwọn tó ti wá fi ẹ̀hónú hàn, nọ́ńbà Sàrátù ló kọ́kọ́ rántí.

"Màmá, ẹ má bínú. Táyé ni, ti ọ́fíìsì Alága."

"Ẹ ti tún fẹ́ gbé mi ga?"

"Rárá, màmá. Òkun máa ya wọ̀lú lọ́la. Òótọ́ ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn èèyàn."

Sàrátù ń gbọ́ bí èémí ọmọbìnrin náà ṣe ń lọ sókè sódò. "Ó dáa, ọmọ mi," ni ó wí. "Mo ti gbọ́."

Kò pẹ́ tí Lèmọ́mù Etikan fi gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kì í ṣe àsìkò ìrun. Sàrátù pe Beauty, Beauty lu ilẹ̀kùn títí dé ìpẹ̀kun ìlú. Ní Oríòkè, wọ́n lu agogo ìjọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn èèyàn ti ń kó ẹja, àwọ̀n, ìkòkò, ibùsùn àti àwọn arúgbó lọ síbi tó ga, wọ́n ti fa ọkọ̀ wọn wọ inú odò kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú.

Nígbà tí Alága dé etíkun Araromi pẹ̀lú Godwin, àga tò lọ rẹrẹ, kò sí ẹnì kan lórí wọn. Àwòrán rẹ̀ dúró lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Àwọn tó wá ta àtíbàbà ti wo ojú omi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti lọ.

"Èrò dà?" ni Alága bi.

"Wọ́n ń bọ̀, Ọlọ́lá. Ẹ mọ̀ wá, a máa ń pẹ́."

Ó dúró, ó dúró. Nígbà tó sú u, ó bọ́ síwájú àga. Ó dà bíi pé ó tún wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò, tó ń wo ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà bọ̀. Kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn jókòó sí ọkàn rẹ̀, nítorí náà ó ya ẹnu.

"Ẹ̀yin èèyàn mi ọ̀wọ́n! Ẹ̀yin ogunlọ́gọ̀ tí ẹ kò lè pa ìfẹ́ mọ́ra! Nígbà tí mo dé, ta ni òkun ń bẹ̀rù? Kò bẹ̀rù ẹnì kankan! Ṣùgbọ́n lónìí…"

Òkun dáhùn. Ìgbì àkọ́kọ́ wá fọ bàtà rẹ̀. Godwin pàtẹ́wọ́. Ìgbì kejì kó ìlà àga tó wà níwájú. Godwin wo omi, ó wo Alága, ó ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí n lọ wo ibi tí èrò dé," ó sì sáré débi pé bàtà rẹ̀ ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ìgbì kẹta gbé àwòrán Alága tòun ti ẹ̀rín ẹnu rẹ̀, ó sì kọlu Alága fúnra rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Agbádá mumi. Ọkùnrin náà ṣubú, ó dìde, ó ṣubú, ó sì kígbe ohun tí kò kígbe rí láti ìgbà tó ti gorí àga: "Ẹ gbà mí o!"

Beauty àti àwọn apẹja mélòó kan ló sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn. Wọ́n fà á bí àwọ̀n tó kún fún ẹrẹ̀. Wọ́n gbé e dé ibi gíga tí gbogbo ìlú wà, wọ́n jù ú sórí ẹní. Ó lajú, ó rí èrò gidi fún ìgbà àkọ́kọ́, ogunlọ́gọ̀, gbogbo wọn ń wò ó. Obìnrin arúgbó kan bọ́ ìborùn rẹ̀ bò ó.

Lọ́jọ́ náà, òkun kó àwọn ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja lọ, ó kó ìlà ilé tó kù níwájú, ìsọ̀ Beauty wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kó ẹ̀mí kankan.

Kọmíṣọ́nnà wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Wọ́n jókòó nínú yàrá ìkàwé kan ní Araromi tí omi kò dé, ará ìlú kún fèrèsé.

"Alága, ìlú ní àwọn kò gba ìkìlọ̀ látọ̀dọ̀ àjọ yín."

Olówòkéré ti tún fìlà dé. "Kọmíṣọ́nnà, irọ́ ni! A fi í ránṣẹ́. Kódà a fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin náà, pẹ̀lú ìwé ìpè tí ẹ kò dáhùn. Ẹ wo fóònù yín!"

Kọmíṣọ́nnà yọ fóònù rẹ̀. Ó wá a títí. Ó wá sí ibi ìdọ̀tí, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, òkìtì-òkìtì. Ó ka ewì ayẹyẹ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ síi, títí ó fi kan ìkìlọ̀ nísàlẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn síbí yìí?"

Olówòkéré wo Godwin. Godwin, tó ti ń wá ọ̀gá tuntun láti àná, wo òrùlé.

"Kí ló gbé e dé inú ìdọ̀tí lórí fóònù yín, màámù?" ni Beauty bi láti ojú fèrèsé.

"Èmi ni mo sọ ọ́ síbẹ̀," ni kọmíṣọ́nnà wí. "Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ mí kúrò. Wọ́n ní kí n mú onídùúró méjì wá."

Ẹ̀rín tó bú jáde nínú yàrá náà, wọ́n gbọ́ ọ lórí omi. Olówòkéré náà fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Kí ọjọ́ náà tó lọ, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀. Táyé ni wọ́n ní kó máa mójú tó àjọ. Ó kọ̀wé tuntun sí gbogbo èèyàn, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ìkìlọ̀ òkun kó fi orúkọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì sú kó tẹ ìlà tó wà nísàlẹ̀, wọn kò ní bi í ní ohunkóhun. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Sàrátù ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, ó sì kọ́kọ́ tẹ ìlà náà wò bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ ni. Ó tún forúkọ sílẹ̀ padà.

Olówòkéré jókòó sílé ní Igbókòdá. Kò sẹ́ni tó kí i ní Apàṣẹ-fún-Ìgbì mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń kí i ní "Bàbá, ẹ kú àárọ̀," wọ́n ń kọjá lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀, Moríkẹ́, gbé púpurú wá fún un pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja obokún. Ó jẹ díẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró.

"Moríkẹ́, gbogbo wọn ló tẹ̀ mí sínú ìdọ̀tí. Gbogbo Ìlàjẹ. Ìwọ nìkan ló kù fún mi."

Moríkẹ́ ń bu omi sínú ife. Kò wojú rẹ̀.

"Moríkẹ́?"

"Ẹ jẹun, kó má tutù."

"Ìwọ náà?"

"Ó ti pẹ́," ni Moríkẹ́ wí. "Kí Beauty tó mọ̀ ọ́n ni mo ti tẹ̀ ẹ́."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Moríkẹ́ gbé ife omi síwájú rẹ̀.

"Mo sọ fún yín," ni ó wí. "Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni."